Bí Ooru Ṣe Ń Mú Ẹni Tó Ń Fẹsẹ̀ Rìn Lórí Ọ̀dàn Gbalasa

Ẹni tó bá ti rin wákàtí méjì lórí ọ̀dàn Kansas ní Amẹ́ríkà nínú oṣù Keje lè fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀ kó bá a pé ó gbẹ táútáú. Á rò pé òun ò tíì làágùn rárá. Àmọ́ kó bọ́ báàgì ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀ kó wo aṣọ: ibi tí báàgì bò mọ́lẹ̀ ti rin gbingbin, etí ibi tó rin náà sì ti fa ìlà funfun bí ẹni fi ẹfun kọ ọ́. Iyọ̀ ni. Òógùn ti ń jáde látàárọ̀, atẹ́gùn ló ń gbé e lọ kí ojú tó rí i. Ohun tó ń tu èèyàn lára lórí ọ̀dàn gan-an ni kì í jẹ́ kó mọ iye omi tó ti kúrò lára rẹ̀, òun ló sì jẹ́ kí ooru ibẹ̀ yàtọ̀ sí ooru inú igbó tàbí ti ìgboro.

Ọ̀dàn tí wọ́n ń pè ní prairie yìí tẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ láti Kánádà wọ Dakota, ó gba Nebraska àti Kansas kọjá títí dé Texas. Iná, ọ̀dá òjò àti ẹnu ẹran tó ń jẹko ni kò jẹ́ kí igi gbilẹ̀ níbẹ̀. Apá tí koríko rẹ̀ ga jù lọ ti di oko tipẹ́, èyí tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ kò sì tó ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Flint Hills ní Kansas ni púpọ̀ nínú ìyókù wà, torí pé òkúta sún mọ́ ojú ilẹ̀ níbẹ̀ débi pé ohun ìtúlẹ̀ ò rí ọ̀nà wọlé. Ibẹ̀ náà ni ìjọba Amẹ́ríkà dá Tallgrass Prairie National Preserve, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń dáàbò bo ọ̀dàn náà, sílẹ̀ sí lọ́dún 1996. Èèyàn lè rìn títí lórí àwọn òkè rẹ̀ láìrí igi kan ṣoṣo, àfi àwọn cottonwood tó tò sétí odò kékeré nísàlẹ̀. Bí èèyàn bá ṣí máàpù, àwọn ìlà odò wọ̀nyẹn ló yẹ kó kọ́kọ́ wá, torí ibẹ̀ ni ibòji wà.

Ara èèyàn kì í fẹ́ kúrò nítòsí 37°C. Bí ìṣirò owó ló rí: ooru tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde gbọ́dọ̀ ṣe déédéé. Ọ̀nà mẹ́ta ni ooru ń gbà wọlé. Inú iṣan ni ti àkọ́kọ́ ti ń wá. Nínú agbára tí ẹsẹ̀ ń ná láti gun òkè, bí ìdá kan nínú márùn-ún péré ló ń di ìrìn. Ìyókù, ooru ni. Ẹni tó ń rìn kánmọ́kánmọ́ pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn lè máa mú ooru jáde ní ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́fà ti ẹni tó jókòó. Èkejì ń ti ojú ọ̀run bọ̀. Oòrùn ọ̀sán gangan ń da nǹkan bí 1,000 wáàtì sórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú lóròó, òkúta funfun ojú ọ̀nà sì ń ju lára rẹ̀ padà sí ojú àti àgbọ̀n ẹni tó ń kọjá. Ẹ̀kẹta ni afẹ́fẹ́. Nínú ooru, ojú awọ máa ń wà ní nǹkan bí 35°C. Bí afẹ́fẹ́ bá tutù ju ìyẹn lọ, á máa gbé ooru kúrò lára. Bó bá gbóná jù ú lọ, atẹ́gùn kan náà á máa gbé ooru wọ ara ni, bí èyí tó ń ti ẹnu ààrò fẹ́ síni. Lọ́jọ́ tó bá mú 38°C, òógùn nìkan ló kù tó lè kó ooru jáde.

Gbígbẹ òógùn ló ń tu ara, kì í ṣe jíjáde rẹ̀. Kí omi tó lè fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́, ó gbọ́dọ̀ gba ooru níbì kan, ara ló sì ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Lítà òógùn kan tó bá gbẹ tán lójú awọ ti kó ooru tó lè mú nǹkan bí lítà omi méje hó kúrò lára. Èyí tó kán sílẹ̀, tàbí tí wọ́n fi aṣọ nù, òfò ni: omi lọ, ooru ò lọ. Ọkàn náà ò sinmi, torí òun ló ń ti ẹ̀jẹ̀ gbígbóná láti inú lọ́hùn-ún wá sójú awọ. Bí omi ara bá ń dín kù, ẹ̀jẹ̀ náà ń dín kù. Ẹsẹ̀ ń bèèrè, awọ ń bèèrè, kò sì kárí. Ìgbà yẹn ni orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, òòyì á máa kọ́ni, òkè tí kò ju òkìtì lọ á sì di òkè ńlá.

Tí ọ̀rinrin bá ti pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, òógùn kì í tètè gbẹ. Ní Badlands ní South Dakota, afẹ́fẹ́ ìgbà ooru sábà máa ń gbẹ, omi ara á sì máa lọ wéré láìsí àmì. Ní ìlà-oòrùn Kansas tàbí ní Iowa, koríko àti àgbàdo ń fa omi látinú ilẹ̀, wọ́n ń tú u sínú afẹ́fẹ́, òógùn á wá lẹ̀ mọ́ni lára bí òróró láìtu ara. Àárín koríko gíga ló burú jù. Koríko big bluestem lè ga ju èèyàn lọ bí ìgbà ooru bá ń parí. Ó ń dí atẹ́gùn, kò sì dí oòrùn tó wà lókè orí. Iye tí wọ́n ń pè ní heat index, tí àjọ ojú ọjọ́ Amẹ́ríkà ń kéde, ń da ooru àti ọ̀rinrin pọ̀, ṣùgbọ́n ibòji ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀. Nínú oòrùn gbangba, ó lè fi bí 8°C lé sí i, gbangba sì ni gbogbo ọ̀dàn.

Nínú irú ooru yìí, èèyàn lè làágùn tó lítà kan ní wákàtí kan, tàbí jù bẹ́ẹ̀. Àjọ NIOSH, tó ń ṣèwádìí ààbò àwọn òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, dámọ̀ràn ife omi kan, bí ìdá kan nínú mẹ́rin lítà, ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún, kó má sì ju nǹkan bí lítà kan àti ààbọ̀ lọ ní wákàtí kan. Ìdí tí wọ́n fi dá ààlà sí i ni pé omi púpọ̀ láìsí iyọ̀ máa ń sọ iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ di díẹ̀ débi pé ọpọlọ lè wú, orí fífọ́ àti èébì tó ń bá a wá sì jọ ti òùngbẹ gan-an. Nítorí náà, oúnjẹ oníyọ̀ díẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú báàgì. Ìrìn wákàtí mẹ́rin ń béèrè bíi lítà mẹ́rin, ìyẹn kílò mẹ́rin lẹ́yìn. Ó wúwo, àmọ́ ẹ̀rọ omi kì í sí lójú ọ̀nà. Akẹtẹ̀ tí etí rẹ̀ fẹ̀ àti aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ọlọ́wọ́ gígùn sàn ju ara òfìfo lọ, torí aṣọ ló ń gba ìtànṣán oòrùn dípò awọ. Ara tún máa ń kọ́ ooru: láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, òógùn á máa tètè jáde, á pọ̀ sí i, iyọ̀ inú rẹ̀ á sì dín kù. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú tútù dé kò tíì ní àǹfààní yẹn.

Ọ̀dàn tún ń tan ojú jẹ. Òkè tó dà bíi pé kò ju ìrìn ìdajì wákàtí lọ lè gba wákàtí méjì, nítorí kò sí igi tàbí ilé téèyàn lè fi díwọ̀n ọ̀nà jíjìn. Ọ̀sán gangan kọ́ ni ooru máa ń mú jù. Ilẹ̀ ṣì ń kó ooru jọ, ó sì máa ń di nǹkan bí aago mẹ́ta sí márùn-ún kí afẹ́fẹ́ tó gbóná dé góńgó. Ẹni tó bá jáde ní ìdájí rìn lọ nínú ìtura, inú iná ló máa gbà padà. Èyí ni kò fi yẹ kó dúró dìgbà tí omi rẹ̀ bá kù ìdajì kó tó yí padà. Bí ìdá kan nínú mẹ́ta bá ti lọ, ó ti tó. Ó tún yẹ kó wo ibi tí atẹ́gùn dorí kọ. Atẹ́gùn tó ń ti ẹ̀yìn fẹ́ bá ẹni tó ń rìn lọ, tí ìyára wọn sì fẹ́ dọ́gba, bíi pé kò sí atẹ́gùn rárá ni lójú awọ. Ní Kansas, gúúsù ni atẹ́gùn ìgbà ooru sábà máa ń ti wá, nítorí náà ìrìn tó kọ́kọ́ lọ sí àríwá láàárọ̀ máa bá atẹ́gùn níwájú nígbà tó bá ń darí bọ̀.

Àwọn nǹkan mìíràn wà. Eégbọn ń dúró lórí ewé koríko, ṣòkòtò tí wọ́n tẹ̀ bọ ìbọ̀sẹ̀ ló ń dí i lọ́nà. Àwọn ẹfọ̀n ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìyẹn bison, tí wọ́n dá padà sí Tallgrass lọ́dún 2009, ló yẹ kéèyàn jìnnà sí tó ọgọ́rùn-ún yáàdì, ó kéré tán. Bí àrá bá sán, ẹni tó dúró lórí òkè ni ohun tó ga jù lágbègbè náà. Inú ọkọ̀ tí wọ́n tìlẹ̀kùn rẹ̀ ló yẹ kó wà, kó má sì jáde títí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú á fi kọjá lẹ́yìn àrá tó sán kẹ́yìn.

Bí ooru tó ń wọlé bá wá borí èyí tó ń jáde, àárẹ̀, èébì àti òòyì ló ń ṣíwájú. Ibòji, omi àti ìsinmi ṣì lè tán an. Àmọ́ bí ìwọ̀n ooru inú ara bá ti dé 40°C, ọpọlọ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣi iṣẹ́ ṣe: ẹni náà á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, á máa sọ ìsọkúsọ, á máa bínú sí ẹni tó fẹ́ ràn án lọ́wọ́. Heat stroke nìyẹn, ikú sì wà nínú rẹ̀. Kò yẹ kí wọ́n dúró kí awọ rẹ̀ gbẹ kí wọ́n tó gbà á gbọ́. Ẹni tó jẹ́ pé ìrìn ló fà á fún un ṣì lè máa làágùn. Kí ẹnì kan pe 911, nọ́ńbà pàjáwìrì Amẹ́ríkà, kó gun orí òkè bí fóònù ò bá gbé e ní kòtò. Kí àwọn yòókù ta aṣọ bò ó bí ibòji ò sí, kí wọ́n bọ́ aṣọ tó nípọn lára rẹ̀, kí wọ́n da omi tó kù nínú báàgì gbogbo wọn sí i lórí, lọ́rùn, lábíyá àti níbi tí itan ti pàdé ikùn, kí wọ́n sì máa fi akẹtẹ̀ fẹ́ ẹ láìdáwọ́ dúró. Bí iyè rẹ̀ ò bá já geere, kí ẹnikẹ́ni má bu omi sí i lẹ́nu. Ìtutù yìí ló ṣáájú gbígbé e lọ, nítorí ìṣẹ́jú tí wọ́n bá fi ń dúró de ọkọ̀ náà ni ooru fi ń ba ọpọlọ àti kíndìnrín jẹ́.