Fóònù Kékeré Orí Tábìlì Mi

Iṣẹ́ ìkànnì ni mò ń ṣe nínú yàrá kan lẹ́bàá Mayfair, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí. Àwọn òbí tó mọ̀ mí kì í yéé bi mí pé, "Kọ̀ǹpútà wo ni kí n rà fún ọmọ mi tó fẹ́ kọ́ irú iṣẹ́ yìí?" N kì í tètè dárúkọ kọ̀ǹpútà kankan. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ìbéèrè méjì lèmi náà máa ń bi wọ́n: báwo ni iná ṣe ń ṣe sí ní àdúgbò yín? Ta ni yóò sì máa ṣí ìkànnì tí ọmọ yín bá ṣe? Ìdáhùn sí méjèèjì ló yan gbogbo ohun tó wà lórí tábìlì mi fún mi, òun náà ló sì yan ohun tí mo fẹ́ fi ọdún yìí ṣe.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi iná bẹ̀rẹ̀. Láàpútọ́ọ̀pù ni mò ń lò, n kò lo kọ̀ǹpútà ńlá tó ń jókòó sójú kan. Bátìrì ti wà nínú láàpútọ́ọ̀pù, nítorí náà bí iná bá lọ lójijì, ohun tí mò ń kọ lọ́wọ́ kò ní bá a lọ. Kò sì jẹ iná púpọ̀: tèmi kì í sábà ju wáàtì 30 lọ tí mo bá ń ṣiṣẹ́, nígbà tí kọ̀ǹpútà ńlá pẹ̀lú ojú rẹ̀ lè jẹ 150 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. ThinkPad tòkunbọ̀ ni. RAM rẹ̀ jẹ́ 16GB, SSD rẹ̀ sì jẹ́ 512GB.

Orúkọ méjì yìí, RAM àti SSD, máa ń dẹ́rù ba àwọn òbí, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ wọn kò ṣòro láti mọ̀. Ẹ wo ìyá alákàrà. Agbada orí iná ni RAM. Bó bá ṣe fẹ̀ tó ni àkàrà tó lè gbà lẹ́ẹ̀kan ṣe máa pọ̀ tó. Tí agbada bá kéré, àkàrà yóò ṣì jinná, ṣùgbọ́n àwọn tó fẹ́ rà á yóò dúró pẹ́. Àpò ẹ̀wà tó wà nínú yàrá ni SSD, ibẹ̀ ni nǹkan ń gbé kó tó dórí iná. Bí iná bá kú lójijì, ohun tó wà nínú agbada bàjẹ́, ohun tó wà nínú àpò kò ṣe nǹkan kan. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́ṣẹ́, RAM 8GB tó ó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí n kò ní fọwọ́ sí ni hard disk àtijọ́ tó ń yí bí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù. Kó wá SSD, kódà kó jẹ́ 256GB.

Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta tòkunbọ̀, ẹ má wo bó ṣe ń dán. Ẹ ní kó yọ ṣájà, kí ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú níṣojú yín. Ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnnì níkọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ẹ ṣe ìdánwò yìí, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní ìparí oṣù Karùn-ún 2023 ni n kò ti fi jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́ òòjọ́ mọ́. Inverter ni mo gbójú lé, pẹ̀lú sólà lórí òrùlé àti bátìrì olómi kan, 12V, 200Ah. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀, torí ìṣirò yìí ṣe pàtàkì ju orúkọ tí wọ́n kọ sára bátìrì lọ. 12 lọ́nà 200 jẹ́ 2,400 wáàtì-wákàtí. Ṣùgbọ́n bátìrì olómi kì í fẹ́ kéèyàn lo òun kọjá ìdajì. Ẹni tó bá ń fà á gbẹ lójoojúmọ́ yóò tètè ra òmíràn. Nítorí náà, 1,200 ló wà fún wa. Láàpútọ́ọ̀pù jẹ 30, ráútà 10, gílóòbù 10, fáànù 50: àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 100. Wákàtí méjìlá nìyẹn lórí ìwé. Inverter fúnra rẹ̀ náà ń jẹ nínú iná, nítorí náà ká pè é ní mẹ́wàá. Ẹ sì rí i pé fáànù ló ń jẹ jù nínú gbogbo wọn. Mo ti rí ẹni tó náwó rẹpẹtẹ sórí inverter láìbéèrè wáàtì ohunkóhun tó wà nínú ilé rẹ̀, tí kò sì rí iná lò di alẹ́.

Ará Ifẹ̀ mọ bí òjò àkọ́rọ̀ ṣe máa ń bá ààrá wá. Lọ́jọ́ irú òjò bẹ́ẹ̀ ní 2021, iná ya gba inú wáyà wọlé, ó jó ṣájà mi, ó sì ba dísìkì tó so mọ́ kọ̀ǹpútà jẹ́. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló bá a lọ. Ẹni tó gbé iṣẹ́ náà fún mi kò pariwo mọ́ mi. Ó kàn dákẹ́ lórí fóònù, ìdákẹ́ yẹn sì dùn mí ju èébú lọ. Àtìgbà náà ni mo ti di òfin tí àwa oníṣẹ́ yìí ń pè ní 3-2-1 mú: kí iṣẹ́ wà ní ẹ̀dà mẹ́ta, lórí oríṣi ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan nínú wọn má sì sí nínú ilé. Ẹ̀dà kan wà nínú láàpútọ́ọ̀pù, ọ̀kan wà lórí dísìkì tí mo máa ń yọ kúrò lára wáyà lẹ́yìn iṣẹ́, ọ̀kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo tún fi ìkẹrin pa mọ́ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Iléṣà, a sì máa ń pààrọ̀ dísìkì nígbà tí mo bá lọ kí wọn.

Àwọn kan ní ẹ̀dà mẹ́rin ti pọ̀ jù, pé ti orí íntánẹ́ẹ̀tì ti tó. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, wáyà mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun, ìyẹn WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne, bàjẹ́ ní apá etíkun Côte d'Ivoire. Íntánẹ́ẹ̀tì dẹnu kọlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Nàìjíríà náà sì fara gbá a. Ẹ̀dà tèmi tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀ digbí, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò tó o. Dísìkì tó wà nínú dúráwà ni mo fi parí iṣẹ́ ọjọ́ náà. Ohun tí mo fi kún un lọ́dún yìí ni pé ní gbogbo Àbámẹ́ta àkọ́kọ́ nínú oṣù, mo máa ń mú ẹ̀dà kan, màá ṣí i lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, màá sì wò ó bóyá ìkànnì inú rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ dán an wò, ẹ̀dà méjì nínú mẹ́jọ ni kò ṣí.

Git ni mo fi ń tọ́jú kóòdù fúnra rẹ̀, ìyẹn àṣẹ tí mo kọ fún kọ̀ǹpútà. Linus Torvalds, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ Linux, ètò kan tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, ló ṣe é ní 2005. Káàdì alájọ ni mo máa ń fi ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi méjèèjì: ohun tí o bá ṣe lónìí, o fàmì sí i, o kọ ìdí rẹ̀ sí i, ti àná sì wà lókè rẹ̀ bó ṣe wà. Bí nǹkan bá bàjẹ́, a ó padà sí ọjọ́ tó dára. Kò sì béèrè íntánẹ́ẹ̀tì kó tó kọ nǹkan sílẹ̀.

 

Ohun tó ṣe pàtàkì jù lórí tábìlì mi kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Fóònù Android àtijọ́ kan ni, RAM rẹ̀ jẹ́ 2GB, ojú rẹ̀ ti là ní igun kan. Màmá kan tó ń ta aṣọ òkè nítòsí Ẹnuwà ló jẹ́ kí n mọ̀ pé mo nílò rẹ̀. Mo ṣe ìkànnì fún wọn, mo gbé láàpútọ́ọ̀pù lọ sí ìsọ̀ wọn, mo ṣí i níṣojú wọn, ó dán gbinrin. Wọ́n gbàdúrà fún mi. Ni wọ́n bá mú fóònù tiwọn jáde, wọ́n tẹ àdírẹ́sì náà. A dúró. Obìnrin kan wọlé, ó ná ìpele, ó sanwó, ó jáde.

"Ọmọ mi, ó ṣì ń yí o."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fún un láàyè díẹ̀ sí i."

"Ọmọ mi, oníbàárà tèmi kì í dúró báyìí."

Mo padà sílé, mo wọn ojú ìwé náà. 14MB ni! Àwòrán aṣọ òkè tí mo gbé síbẹ̀ bó ṣe ti inú kámẹ́rà jáde ló wúwo tó bẹ́ẹ̀. Àwòrán kan fẹ̀ tó píkísẹ́lì 4,000, bẹ́ẹ̀ ojú fóònù wọn kò ju 720 lọ. Gbogbo èyí tó ṣẹ́ kù, dátà lásán ni wọ́n fi ń gbé e wá, kí fóònù tó wá dà á nù. Bí ọgọ́rùn-ún èèyàn bá ṣí ojú ìwé yẹn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, 1.4GB ló ti lọ nínú dátà tí wọ́n fi owó ara wọn rà. Mo gé àwòrán náà kúrú, mo sọ wọ́n di WebP, irú fáìlì àwòrán tí kì í wúwo, mo sì ṣe é kí ti ìsàlẹ̀ má tíì wá àfi tí ẹni tó ń wò ó bá yí i dé ibẹ̀. Ó di 600KB. Ọgọ́rùn-ún èèyàn kan náà, 60MB. Láti ìgbà yẹn ni mo ti wá fóònù kékeré yìí rà. Ìpinnu mi fún ọdún yìí ni pé ojú ìwé kankan tó bá ju 1MB lọ kò ní kúrò lọ́wọ́ mi, àti pé orí fóònù yìí ni màá ti kọ́kọ́ wò ó, pẹ̀lú dátà fóònù náà, lọ́sàn-án gangan tí gbogbo èèyàn ń lò ó.

Ìpinnu kejì ló sún mọ́ ọkàn mi jù: kí ìkànnì tí mo bá ṣe máa kọ orúkọ Yorùbá tàmì-tàmì. Ilé ìwé kan ní kí n wá tún ìkànnì wọn ṣe. Mo ṣí àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn ọmọ, mo rí "?lát??jú". Ọlátẹ́jú ni. Mo wo ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló lọ ní ojú ìwé lẹ́yìn ojú ìwé: "F?lák??", "Ay??", "Adé??lá".

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ń fà á, torí ó lè ti ṣẹlẹ̀ sí orúkọ tiyín náà. Nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà mọ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀. Àkójọ àtijọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní latin1, tí wọ́n ṣe fún èdè àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Yúróòpù. Á àti é wà nínú rẹ̀, torí àwọn Faransé àti ará Sípéènì ń lò wọ́n. Ẹ, ọ àti ṣ kò sí nínú rẹ̀. MySQL, ibi ìpamọ́ tí ọ̀pọ̀ ìkànnì ń lò, latin1 yìí ló máa ń mú bí èèyàn kò bá sọ ohun tó fẹ́ fún un, títí ẹ̀dà 8.0 fi jáde ní 2018. Ìdí nìyẹn tí á inú Ọlátẹ́jú fi yè, tí Ọ fi di àmì ìbéèrè.

Kí ló dé tí ẹ́ fi di méjì? Nínú Unicode, àkójọ tuntun tó gba gbogbo èdè, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, àwọn ará Vietnam náà ń lò ó. Ṣùgbọ́n ẹ́ tó ní àmì lábẹ́ àti àmì lórí kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ẹ ni a ó kọ, a ó wá fi àmì òkè tẹ̀ lé e bíi nọ́ńbà kejì. Wàhálà mìíràn tún wà níbẹ̀. Á tó jẹ́ nọ́ńbà kan wà, a tó tún gbé àmì tẹ̀ lé ara rẹ̀ náà wà. Ojú kan náà ni méjèèjì ní lójú wa, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kà wọ́n sí ọ̀tọ̀. Ó dà bí ọmọ tí wọ́n ń pè ní Táyé nílé tí wọ́n sì kọ Táíwò sílẹ̀ fún nílé ìwé. Olùkọ́ tí kò mọ̀ yóò ní ọmọ náà kò wá. Nítorí náà, mo máa ń sọ gbogbo orúkọ di ìlànà kan kí n tó fi pa mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sì wá orúkọ láìsí àmì, bíi "Olateju", ẹ̀rọ ìwárí mi gbọ́dọ̀ lè mú Ọlátẹ́jú jáde fún un. Mo tún máa ń kọ lang="yo" sórí ojú ìwé tó bá jẹ́ Yorùbá, kí àwọn ẹ̀rọ tó ń kàwé fún afọ́jú lè mọ èdè tí wọ́n bá pàdé.

Ẹ̀yin náà lè ṣe tiyín. Gboard, kíbọọ̀dù Google lórí fóònù, ní Yorùbá nínú, Windows àti Ubuntu lórí kọ̀ǹpútà náà ní in nínú ètò kíbọọ̀dù wọn. Bí ẹnìkan bá ṣe ìkànnì fún yín, ẹ kọ orúkọ yín sínú fọ́ọ̀mù rẹ̀ tàmì-tàmì, kẹ́ ẹ wò ó bóyá bẹ́ẹ̀ ló ṣe padà wá, kẹ́ ẹ tó san owó tó kù.

Ti ilé ìwé yẹn kò ṣe é fi kóòdù tún ṣe. Àmì ìbéèrè kò sọ bóyá ẹ ló wà níbẹ̀ tàbí ọ tàbí ṣ, orúkọ ọmọ ọlọ́mọ sì kọjá ohun tí mo lè fi ojú díwọ̀n. Orúkọ 118 ló bàjẹ́. Mo gba ìwé nọ́ńbà àwọn òbí lọ́wọ́ ilé ìwé, mo sì ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ilé ìwé lẹ ti ń pè? Kí ló ṣe ọmọ mi?" Bí bàbá kan ṣe dá mi lóhùn nìyẹn.

"Kò sí nǹkan kan sà. Orúkọ wọn ni mo fẹ́ kọ dáadáa."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá ń pe lẹ́tà náà fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sọ ibi tí àmì wà, wọ́n sì sọ fún mi pé ìyá àwọn ló sọ ọmọ náà lórúkọ. Mo ti pe 71. Ní Àbámẹ́ta, lẹ́yìn tí mo bá dán ẹ̀dà oṣù yìí wò, màá pe mẹ́wàá sí i.