Ṣé Oògùn Ló Ń Mú Kí Oúnjẹ Búkà Dùn Níbẹ̀, Kó Má Dùn Nílé?

Ìyá olóúnjẹ tí búkà rẹ̀ bá ti pẹ́ ní Abẹ́òkúta, tí bẹ́ǹṣì rẹ̀ ti ń dán nítorí ọ̀pọ̀ ìjókòó, tí èrò sì ń tò síwájú ìkòkò rẹ̀ kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù, kò ní pẹ́ kí wọ́n tó fẹ̀sùn oògùn kàn án. Ẹ ní kí wọ́n di tiyín sínú ọ̀rá, ẹni tó jókòó tì yín á fi ìgbọ̀nwọ́ gún yín: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó jẹ ẹ́ níbí o. Tẹ́ ẹ bá gbé e délé, kò ní dùn mọ́." Ẹ bi í léèrè ìdí, á rẹ ohùn sílẹ̀. Wọ́n ti ri nǹkan sábẹ́ ààrò, ni yóò wí. Tàbí kó ní omi tí ìyá náà fi wẹ̀ láàárọ̀ ló fi se ọbẹ̀, kí oníbàárà má baà lè lọ síbòmíràn.

Àwọn tó ń sọ ọ́ ní ẹ̀rí lọ́wọ́, kò sì yẹ ká fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ra láfún àti ẹ̀gúsí ní Ìtòkú, wọ́n gbé e dé Adátán, ní Abẹ́òkúta kan náà, wọ́n tú u, wọ́n tọ́ ọ wò, kò rí bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n. Ohun tí ẹnu wọn sọ fún wọn yẹn, òótọ́ ni. Oúnjẹ náà ti yí padà. Àmọ́ ohun tó yí i padà kò sí lábẹ́ ààrò.

Láfún ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí òun ni Ẹ̀gbá fi ń yangàn. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n bó, tí wọ́n rẹ sómi fún bí ọjọ́ 3 sí 5 títí tó fi rọ̀ tó sì kan díẹ̀, tí wọ́n sá gbẹ, tí wọ́n wá lọ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìyẹ̀fun yẹn ni sítáàṣì. Bó bá pàdé omi híhó, hóró sítáàṣì kọ̀ọ̀kan á mu omi, á wú, á bẹ́, á wá di ohun tó ń fà tó sì ń yọ̀ lọ́nà ọ̀fun. Bó bá ti ń tutù, ńṣe ni sítáàṣì yìí á tún máa so mọ́ ara rẹ̀ padà, á máa fún omi tó mu jáde. Ìdí nìyẹn tí láfún àná fi máa ń le, tí omi sì máa ń wà nídìí ọ̀rá rẹ̀. Fíríìjì tí àwọn kan rò pé ó ń tọ́jú rẹ̀ ló tún ń yára mú un le. Àwọn aládìrẹ ẹlẹ́kọ ní Ìtòkú níbẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀pọ̀ wa lọ. Láfún ni wọ́n ń sè tí wọ́n fi ń ya ọnà sára aṣọ. Nígbà tó ṣì rọ̀, ìyẹ́ adìẹ lásán ni wọ́n fi ń tọ́ ọ sórí aṣọ. Bó bá gbẹ tán, ó le débi pé aró kò rí abẹ́ rẹ̀ gbà wọlé. Kò sẹ́ni tó ń pe ìyẹn ní oògùn.

Ti ọbẹ̀ yàtọ̀. Ahọ́n ènìyàn kò mọ ohun púpọ̀: iyọ̀, dídùn bíi ṣúgà, kíkan, kíkorò, àti adùn tó máa ń wà lára ẹran àti irú, èyí tí Kikunae Ikeda, onímọ̀ kẹ́místírì ará Japan, rí ohun tó ń fà á ní 1908. Glutamate ni ohun náà. Ó wà nínú irú wa, òun náà sì ni wọ́n fi ń ṣe magí. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù tá à ń pè ní adùn ọbẹ̀, imú ló ń gbọ́ ọ. Bá a ṣe ń jẹun ni òórùn ń gba ẹ̀yìn ọ̀fun gòkè lọ sí imú. Ẹni tí ọ̀fìnkìn bá dí nímú kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ adùn ẹ̀gúsí lọ́jọ́ náà. Ooru ló sì ń gbé òórùn yẹn. Ìkòkò tó wà lórí igi ìdáná ń fẹ́ òórùn irú, edé àti ẹja yíyan sójú yín kẹ́ ẹ tó jókòó. Ọbẹ̀ tó ti tutù nínú ọ̀rá kò fi bẹ́ẹ̀ ní ohun tó máa rán sí imú. Ahọ́n pàápàá máa ń gbọ́ adùn ohun tó lọ́wọ́ọ́rọ́ dáadáa ju ti èyí tó tutù lọ. Epo pupa náà, bó bá ti ń tutù, á bẹ̀rẹ̀ sí í dì, á máa lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu.

Ẹ tún wo ìrẹsì ọ̀fadà. Ìlú Ọ̀fadà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé nínú ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí, ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Búkà kan náà tó ń ta láfún lè máa ta òun náà, kí wọ́n fi ewé pọ́n ọn, kẹ́ ẹ gbé e délé, kó sì dùn. Ṣé oògùn yẹn kì í bá ìrẹsì ṣiṣẹ́ ni? Ewé ló yàtọ̀ sí ọ̀rá. Ooru ń rí àyè jáde lára ewé, ewé náà sì ní òórùn tirẹ̀ tó ń fi kún oúnjẹ. Nínú ọ̀rá, ooru tó lọ sókè á di omi, á kán padà sórí ohun tó wà nísàlẹ̀.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ jiyàn lè dán an wò. Kó bu oúnjẹ, kó gbé e kalẹ̀ nínú búkà náà gan-an, kó má fọwọ́ kàn án fún wákàtí kan, kó wá jẹ ẹ́. (Kó tọrọ ààyè lọ́wọ́ ìyá ṣáájú o, àyè orí bẹ́ǹṣì kì í pọ̀ lọ́sàn-án.) Ààrò wà níbẹ̀, ìyá wà níbẹ̀, oògùn náà, bó bá wà, kò tíì kúrò níbẹ̀. Láfún á ṣì le.

Èrò tí wọ́n ń tọ́ka sí bí àmì oògùn wà lára ohun tó ń mú oúnjẹ náà dùn. Níbi tí èrò bá ti ń pọ̀, láfún kì í jókòó pẹ́. Bí wọ́n ṣe ń rò ó ni wọ́n ń bù ú. Ìkòkò ọbẹ̀ ibẹ̀ tóbi. Ṣàkì, bòkótó, fùkù, pọ̀nmọ́ àti egungun jọ ń hó nínú omi kan náà láti ìdájí, ohun tó wà lára awọ àti egungun á sì yọ́ sínú omi náà. Ìkòkò ènìyàn mẹ́rin nílé kò lè gba gbogbo ìyẹn. Ẹ wá fi ebi kún un. Alábàárù tó ti ń ru ẹrù ní ọjà Lafẹ́nwá láti òwúrọ̀, tó jókòó sáàárín àwọn tó ń làágùn tí wọ́n sì ń tọrọ omi ọbẹ̀ kún tiwọn, ẹnu tó fi ń jẹun lọ́sàn-án kì í ṣe irú èyí tó máa gbé jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n lálẹ́.

Ti omi ìwẹ̀, ọṣẹ àti ìdọ̀tí ló wà nínú omi tí ènìyàn fi wẹ̀. Ẹni tí ọṣẹ bá ti kán sí ọbẹ̀ rẹ̀ rí mọ bó ṣe máa ń rí lẹ́nu.

Mo kíyè sí i pé bí mẹkáníìkì bá ní oníbàárà púpọ̀, "ọ̀gá mọṣẹ́" ni wọ́n máa ń sọ. Obìnrin tó ti ń se ọbẹ̀ kan náà fún ogún ọdún, tó mọ ata tó máa kan àti èyí tó máa ta, òun ni wọ́n ń wá nǹkan lábẹ́ ààrò rẹ̀. Ojú tí wọ́n sì fi ń wá oògùn yẹn, wọn kì í fi wo bàsíà tí wọ́n fi ń ṣan abọ́, bóyá wọ́n ń pààrọ̀ omi inú rẹ̀ tàbí wọn kì í pààrọ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni àìsàn ti ń wọlé.

Ìgbàgbọ́ yìí tún ń ṣe àwọn tó ń gbé oúnjẹ lọ sílé níbi. Ẹnìkan á ra ìrẹsì ní aago kan ọ̀sán, á gbé e sí bùùtù ọkọ̀ nínú oòrùn, á jẹ ẹ́ ní aago mẹ́fà. Inú á run ún lóru, á ní "nǹkan" tó wà nínú oúnjẹ ló bínú pé òun gbé e jáde. Oúnjẹ tó ti kúrò lórí iná, tó lọ́wọ́ọ́rọ́ lásán, ni kòkòrò àìrí fẹ́ràn láti pọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀kan wà tó ń jẹ́ Bacillus cereus. Irúgbìn rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní spore máa ń wà nínú ìrẹsì, sísè kì í pa á, májèlé tó bá sì ti tú sínú ìrẹsì kì í kúrò bí a bá tún gbé e kaná. Bí ẹnìkan bá ń yàgbẹ́ gbuuru tó sì ń bì lẹ́yìn irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀, omi oníyọ̀ àti ṣúgà ni kí wọ́n máa fún un mu, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ọsibítù bí kò bá dúró.

Ẹni tó bá fẹ́ gbé ti búkà lọ sílé, kó mú kúlà dání. Ẹ bu omi híhó sínú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kẹ́ ẹ dà á nù nígbà tí ìyá bá fẹ́ bù ú. Kí ọbẹ̀ àti láfún má wà papọ̀. Bẹ́ ẹ bá délé, ẹ gbé ọbẹ̀ padà sórí iná kó hó dáadáa. Láfún tó bá ti le, ẹ gé e wẹ́wẹ́ sínú ìkòkò, ẹ ta omi gbígbóná sí i, ẹ fi orógùn rò ó padà títí á fi fà. Ìrẹsì, tó bá ti ju wákàtí méjì lọ níta tí kò sí nínú kúlà, ẹ má jẹ ẹ́.