Kí ló dé tí obìnrin kò fi pọ̀ nípò aṣáájú láàárín àwọn olùyọ̀ǹda ara-ẹni lórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Ìbéèrè: Kò sẹ́ni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Kí ló wá fà á?

Wọn ò pọ̀ láti ìsàlẹ̀ náà. Ẹ wo Wikipedia, ìwé ìmọ̀ ọ̀fẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn olùyọ̀ǹda ara-ẹni ń kọ. Ìwádìí tí Wikimedia, àjọ tó ń bójú tó o, ṣe lọ́dún 2011 fi hàn pé nínú 100 èèyàn tó ń kọ ọ́, obìnrin ò tó 10. Sue Gardner, ọ̀gá àgbà ibẹ̀ nígbà náà, fẹ́ kí wọ́n pé 25 tó bá di 2015. Ọwọ́ ò tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dépò tún dá kún un. Ní Wikipedia Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà tí wọ́n ti ń gbà di alámùójútó (ẹni tó láṣẹ láti pa ojú ìwé rẹ́ tàbí dènà àwọn tó ń ba iṣẹ́ jẹ́) tipẹ́ ni pé kí ẹni náà wà lójú agbo fún ọjọ́ méje. Ẹnikẹ́ni lè tú iṣẹ́ rẹ̀ wò, kó sì kọ ìdí tí kò fi yẹ sípò náà síbẹ̀. Obìnrin tí wọ́n ti bú rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ò ní sáré bọ́ sírú agbo bẹ́ẹ̀, ìyẹn ò sì sọ ọ́ di ojo.

Ìbéèrè: Ṣebí a máa ń kéde pé kí ẹni tó bá wù jáde?

Ẹni tó ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ipò tọ́ sí òun ni ìkéde yẹn ń pè. Ẹni tó ń kọ́ àwọn ẹni tuntun, tó ń parí ìjà, tó ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé, kì í ka ara rẹ̀ mọ́ aṣáájú, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ aṣáájú ló ń ṣe.

Ẹ pè é lórúkọ. Ẹ sọ ohun tó ṣe tẹ́ ẹ fi rò ó sí i, wákàtí tí iṣẹ́ náà ń gbà lọ́sẹ̀, àti ìgbà tí sáà rẹ̀ máa parí. Ẹ má fojú kéré ti sáà yìí: ipò tí kò lópin máa ń ba ẹni tí iṣẹ́ ilé ti wọ̀ lọ́rùn lẹ́rù. Tó bá ní òun ò ṣe, ẹ fi í sílẹ̀.

Ìbéèrè: Ojúsàájú kọ́ nìyẹn?

Rárá, ìbò ṣì wà níbẹ̀. (Ọ̀rẹ́ ló ti ọ̀pọ̀ ọkùnrin síwájú, a ò sì pè é ní nǹkan kan.)

Ìbéèrè: Ṣé ìlànà náà ṣeé yí?

Ó ṣeé yí. Lóṣù kẹwàá ọdún 2024, Wikipedia Gẹ̀ẹ́sì dán ìdìbò ìkọ̀kọ̀ wò fún àwọn alámùójútó: wọ́n bi àwọn olùdíje ní ìbéèrè ní gbangba, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rí ìbò ẹnìkejì. Èèyàn 11 ló wọlé. Torí obìnrin nìkan kọ́ ni wọ́n fi ṣe é, àmọ́ ó bá ọ̀rọ̀ wọn mu. Ẹgbẹ́ kékeré lè fi ẹni méjì sípò kan, kó sì yan ẹlòmíì tí yóò máa gba ẹ̀sùn èébú, kó má baà jẹ́ pé ẹni tí wọ́n bú ni yóò tún jókòó dá ẹjọ́ ara rẹ̀.