Ìjàm̀bá bàálù kékeré nígbà ìbalẹ̀

Ìjàm̀bá ìbalẹ̀ tí ẹ̀rọ fà ni èyí tó ṣẹlẹ̀ nítorí pé apá kan lára bàálù bàjẹ́ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, tí kì í ṣe ọwọ́ awakọ̀ tàbí ìjì ló dá a sílẹ̀.

Ẹsẹ̀ àwọn bàálù kékeré kan, ìyẹn táyà àti irin tó gbé e, kì í ká. Àwọn mìíràn ń ká tiwọn sínú ikùn, ọ́ìlì inú páìpù ló sì sábà ń tì í jáde. Bí páìpù bá jò, ẹsẹ̀ lè kọ̀ láti jáde, tàbí kó jáde kó má há, ìyẹn ni pé kò ní dúró gbagidi. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, iná aláwọ̀ ewé mẹ́ta ni awakọ̀ ń wò, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan ò bá tàn, ọ̀nà pàjáwìrì ṣì wà: nínú àwọn kan, ọwọ́ ni wọ́n fi ń fa pọ́m̀pù títí ẹsẹ̀ yóò fi há.

Bí ẹsẹ̀ iwájú bá ṣẹ́, imú á sọlẹ̀, abẹ̀bẹ̀ tó ń yí níwájú bàálù á gbá ilẹ̀. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ sábà máa ń fẹsẹ̀ ara wọn jáde. Ẹ́ńjìnnì ni wọ́n gbọ́dọ̀ tú palẹ̀ yẹ̀ wò, kódà bí etí abẹ̀bẹ̀ nìkan ló tẹ̀, torí irin tó ń yí nínú rẹ̀ lè ti sán.

Èyí tó burú jù ni kí ẹ́ńjìnnì kú. Cessna 172, irú bàálù kékeré kan tó kọ́kọ́ fò ní 1955, kò ní ju ẹ́ńjìnnì ẹyọ kan lọ. Bí ó bá kú ní 1,000 mítà lókè Iléṣà, bàálù náà lè rábàbà nǹkan bíi kìlómítà 9, bẹ́ẹ̀ ojú ọ̀nà Iléṣà sí Ilé-Ifẹ̀ tó 30. Ìlú méjèèjì kò ní pápákọ̀ òfurufú; ó wà ní Ìbàdàn àti Akúrẹ́. Oko kòkó àti òkè olókùúta ló pọ̀ láàárín, nítorí náà pápá gbalasa kan lè di ẹ̀mí.

Ní Nàìjíríà, NSIB (Nigerian Safety Investigation Bureau), àjọ ìjọba tó ń wádìí ìjàm̀bá ọkọ̀, ló ń ṣèwádìí; AIB (Accident Investigation Bureau) ni wọ́n ń pè é kí òfin 2022 tó yí i padà. Ìdí tó fi ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ń wá, wọn kì í wá ẹni tí wọn yóò dá lẹ́bi. Kò yẹ kí ará àdúgbò ṣa àfọ́kù kankan, torí ojú ibi tí irin ti kán lè fi ìdí náà hàn. Irin tó ti ń sán díẹ̀díẹ̀ tipẹ́ máa ń dán lójú ibi tó ti kán, pẹ̀lú ìlà wẹ́wẹ́ bí ipa omi etí odò. Ibi tó já lẹ́ẹ̀kan náà máa ń rí ságisági.