Ibà dẹ́ńgè: ìgbà tí ara bá tutù gan-an ni kí ẹ ṣọ́ra

Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé a ti mọ ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn tán. Alẹ́ ló ń jẹni, inú omi ìdọ̀tí ló ń gbé, ibà ló ń kó ranni. A lo oògùn, ara tutù, ó parí. Málaríà ló kọ́ wa ní gbogbo ìyẹn. Ẹni tó bá gbé òye kan náà tọ ibà dẹ́ńgè lọ, yóò ṣìnà, ọ̀kan nínú àṣìṣe ọ̀hún sì lè gba ẹ̀mí. Àwọn ìbéèrè tí èèyàn sábà máa ń bi ara wọn nípa ibà yìí nìwọ̀nyí, pẹ̀lú ìdáhùn wọn.

Kí ló ń fa ibà dẹ́ńgè?

Fáírọ́ọ̀sì ni, ó sì bá fáírọ́ọ̀sì ibà pọ́njú àti ti Zika tan. Kòkòrò tó ń fa málaríà kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì, nítorí náà oògùn málaríà kò lè ṣe dẹ́ńgè ní nǹkan kan. Oríṣi mẹ́rin ni fáírọ́ọ̀sì dẹ́ńgè, láti DENV-1 dé DENV-4. Ẹ fi iye yẹn sọ́kàn, a ṣì máa padà sórí rẹ̀.

Kì í ṣe àìsàn ibì kan ṣoṣo. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) sọ pé nǹkan bí ìdajì àwọn èèyàn ayé ló ń gbé níbi tó ti lè mú wọn. Lọ́dún 2024, àwọn tí wọ́n ròyìn pé ó mú lé ní mílíọ̀nù 14, Brazil ló sì kó èyí tó pọ̀ jù. Lọ́dún 2023, ó jà gidi ní Burkina Faso. Níbi tí málaríà bá ti wọ́pọ̀, ó rọrùn fún dẹ́ńgè láti fara pa mọ́, torí gbogbo ibà la máa ń pè ní málaríà.

Ẹ̀fọn wo ló ń gbé e kiri?

Abo ẹ̀fọn tí wọ́n ń pè ní Aedes aegypti ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù, ìbátan rẹ̀ Aedes albopictus sì ń ràn án lọ́wọ́. Ẹ̀fọn dúdú kékeré ni, àmì funfun wà káàkiri ẹsẹ̀ rẹ̀. Ojúmọmọ ló ń jẹni, pàápàá ní òwúrọ̀ kùtù àti ní ìrọ̀lẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ẹni tó ń jẹ bá mira, á fò, á sì lọ parí oúnjẹ rẹ̀ lára ẹlòmíì. Bí ẹ̀fọn kan ṣoṣo ṣe lè dá gbogbo ilé dùbúlẹ̀ nìyẹn.

Kì í fò jìnnà. Ẹ̀fọn tó jẹ yín láàárọ̀ yìí, àfàìmọ̀ ni kò fi ní jẹ́ pé inú ọgbà yín tàbí ti aládùúgbò yín ni ẹyin rẹ̀ ti pa.

Mo máa ń da omi tó bá dúró nù. Kí ló dé tí ẹ̀fọn ò tán?

Ó wù mí kí gbogbo èèyàn máa béèrè èyí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ làálàá ti ń já sí asán. Ẹ̀fọn yìí kì í sábà wá omi gọ́tà. Omi tó mọ́ díẹ̀ ló ń wá: omi inú àgbá, garawa tí a ò dé, àwo abẹ́ ìkòkò òdòdó, táyà tí a jù sẹ́yìnkùlé, ọ̀rá tó gba omi òjò dúró. Omi inú ìdérí ìgò pàápàá tó o.

Kì í sì í yé ẹyin sójú omi. Ara ògiri ohun èlò náà, lókè díẹ̀ síbi tí omi dé, ló ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú àgbá tí omi ti wà fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: àwọn ohun dúdú wínníwínní tí ẹ rí létí omi, bí ẹni wọ́n ata dúdú síbẹ̀, ẹyin ni. Ẹ wá wo ojú omi. Tanwíjí á so rọ̀ níbẹ̀, ìrù lókè, orí nísàlẹ̀. Bí òjìji yín bá ti bò wọ́n, kíá, wọ́n á yíra lọ sísàlẹ̀.

Tí ẹ bá da omi yẹn nù, tanwíjí bá a lọ, ẹyin ṣẹ́ kù. Ẹyin náà lè wà ní gbígbẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù láìkú. Ọjọ́ tí omi bá tún kàn án, á pa. Níbi tí ooru bá ti mú, kò ju nǹkan bí ọjọ́ 7 sí 10 lọ láti ẹyin dé ẹ̀fọn tó ń fò. Nítorí náà, ẹ má fi mọ sórí dídà á nù. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tàbí kànìnkànìn ha ògiri inú rẹ̀ dáadáa, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ẹ tó tún pọn omi sí i, kí ẹ sì dé e pinpin. Èyí tí ẹ ò lò mọ́, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ tàbí kí ẹ kó o dànù.

Ní ti oògùn tí wọ́n ń fín kiri àdúgbò, ẹ̀fọn tó ń fò lásìkò náà ló ń pa. Kò ran ẹyin. Ó wúlò nígbà tí àìsàn bá ń jà, àmọ́ bí àgbá bá ṣì wà ní ṣíṣí, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ̀fọn á tún kún ibẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe málaríà?

Ojú lásán ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, àwọn méjèèjì tilẹ̀ lè mú èèyàn pọ̀. Ọjọ́ 4 sí 10 lẹ́yìn tí ẹ̀fọn bá jẹni ni dẹ́ńgè sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ara á gbóná lójijì, ó lè tó 40°C. Orí á máa fọ́, ẹ̀yìn ẹyinjú á máa dunni, iṣan àti oríkèé á máa roni, èébì lè máa gbéni, ara sì lè sú. Ọ̀pọ̀ tó mú ni kì í rí àmì kankan rárá.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń là á. Bí àyẹ̀wò málaríà bá fi hàn pé kò sí, tí ibà ò sì lọ, ẹ má kan tún oògùn málaríà mìíràn gbé mì. Ẹ bi dókítà nípa dẹ́ńgè.

Ara ti tutù. Ṣé ó ti lọ nìyẹn?

Ìbéèrè tó ń bà mí lẹ́rù jù lọ nìyí. Láàárín ọjọ́ 3 sí 7 tí àìsàn bẹ̀rẹ̀, ibà á lọ sílẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn aláìsàn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbádùn látìgbà náà. Àmọ́ lára àwọn kan, ìgbà yẹn gan-an ni ewu dé. Òpó ẹ̀jẹ̀ tín-tìn-tín á máa jò, omi inú ẹ̀jẹ̀ á máa yọ́ lọ sínú ikùn àti àyíká ẹ̀dọ̀fóró. Èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì á ti dín kù. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀, nígbà tí àwọn ará ilé ṣì ń dúpẹ́ pé ara ti tutù.

Ẹ máa ṣọ́ aláìsàn fún ọjọ́ kan sí méjì lẹ́yìn tí ibà bá lọ. Bí inú bá ń run ún gan-an, tó ń bì léraléra, tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní ẹ̀rìgì tàbí imú, tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú èébì tàbí ìgbẹ́, tó ń mí yánpọnyánpọn, tí ara rẹ̀ tutù nini, tó ń sùn ṣáá tàbí tí kò lè fara balẹ̀, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni. Ẹ má dúró di ilẹ̀ mọ́. Níbi tí wọ́n bá ti tètè rí i, tí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ bó ṣe yẹ, ikú kì í tó ẹnì 1 nínú 100, kódà nínú àwọn tí tiwọn le.

Oògùn wo ni ká lò?

Kò sí oògùn tó ń pa fáírọ́ọ̀sì náà fúnra rẹ̀. Ìsinmi, omi mímu dáadáa, omi iyọ̀ oníṣúgà, àti parasitamọ́ọ̀lù ní ìwọ̀n tí wọ́n ní ká lò ó. Ẹ má fún un ní aspirin tàbí ibuprofen, torí wọ́n lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà.

Ó ti mú mi rí. Ṣé kò lè mú mi mọ́?

Oríṣi tó mú yín kò ní mú yín mọ́. Ó ṣẹ́ ku mẹ́ta. Èyí tó yani lẹ́nu ni pé ẹlẹ́ẹ̀kejì ló sábà máa ń léwu ju àkọ́kọ́ lọ: èròjà tí ara ti pèsè láti fi bá oríṣi àkọ́kọ́ jà á lẹ̀ mọ́ oríṣi kejì, kò ní lè pa á, á sì wá ṣílẹ̀kùn fún un láti wọ inú sẹ́ẹ̀lì.

Ọ̀rọ̀ yìí náà ló dá wàhálà sílẹ̀ nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára Dengvaxia. Philippines bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ iléèwé lọ́dún 2016. Lọ́dún 2017, iléeṣẹ́ Sanofi tó ṣe é kéde pé bí ẹni tí dẹ́ńgè ò mú rí bá gbà á, tí dẹ́ńgè wá mú un lẹ́yìn náà, ó lè le jù. Philippines wá dá ètò náà dúró. WHO ti fọwọ́ sí òmíràn báyìí, Qdenga, fún àwọn ọmọ ọdún 6 sí 16 níbi tí dẹ́ńgè bá ti ń jà gan-an. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń gbà á, oṣù mẹ́ta sì máa ń wà láàárín.

Ṣé lóòótọ́ ni pé àwọn kan ń tú ẹ̀fọn sílẹ̀ láti fi gbógun ti dẹ́ńgè?

Òótọ́ ni. Wọ́n á fi bakitéríà kan tó ń jẹ́ Wolbachia sínú Aedes aegypti, kò sì ní jẹ́ kí fáírọ́ọ̀sì náà gbilẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀fọn á máa bí ọmọ, ọmọ á máa jogún bakitéríà náà. Nígbà tí wọ́n dán an wò nílùú Yogyakarta ní Indonesia, dẹ́ńgè fi ìdá 77 nínú 100 dín kù níbi tí wọ́n tú wọn sí.

Ṣé mo lè kó o lára aláìsàn tí mò ń tọ́jú?

Ẹ ò lè kó o nípa fífọwọ́ kàn án, jíjẹun pa pọ̀ tàbí ikọ́. Àmọ́ ẹ̀fọn tó bá jẹ ẹ́ nígbà tí ibà ń ṣe é lè gbé e dé ọ̀dọ̀ yín lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Nítorí náà, abẹ́ àwọ̀n ni kó máa sùn, tọ̀sán tòru, títí di ọjọ́ kejì tí ibà bá ti lọ. Ọmọ ọwọ́ tó bá ń sùn lọ́sàn-án, ẹ fi tirẹ̀ náà sábẹ́ àwọ̀n.