Owó àárù òfò: bí a ṣe ń fojú díwọ̀n iye tí ìbánigbófò ilé yóò ná onílé

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin na fóònù rẹ̀ sí mi, ó fi ìka sórí ìlà kan nínú ìwé tí ilé-iṣẹ́ kan fi ránṣẹ́ sí i. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni: "Èrè ìṣedúró ilé yín fún ọdún kan." Iye owó wà níwájú rẹ̀. Ó wò mí lójú, ó ní, "Àbúrò mi, ìgbà wo ni wọ́n máa san èrè yìí fún mi? Ṣé ìparí ọdún ni?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ máa san án."

Obìnrin tó ti ra ilé, tó ka ìwé àdéhùn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ kó tó buwọ́ lù ú, ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ṣì lọ́nà. Inú bí mi gan-an. Owó tó máa jáde lápò rẹ̀ ni wọ́n pè ní èrè. Ẹni tó túmọ̀ ìwé yẹn ti rí i níbòmíràn pé ọ̀rọ̀ òyìnbó náà, púrímíọ̀mù, lè jẹ́ èrè tàbí ẹ̀bùn, ló bá gbé e sọ síbẹ̀ láì bèèrè ọwọ́ ta ni owó ti ń kúrò, ọwọ́ ta ni ó ń bọ́ sí. Ẹ jẹ́ ká tún orúkọ ṣe ná, nítorí ẹni tó bá rò pé èrè lòun ń retí kò ní jókòó ṣírò ohun tí yóò ná an.

Ìṣedúró tí wọ́n fi túmọ̀ insurance gan-an kò tọ̀nà. Gbogbo wa la mọ onídùúró. Bí ẹni tó dúró fún bá sá lọ, onídùúró á san gbèsè, lẹ́yìn náà ni yóò máa wá ẹni náà kiri láti gba owó rẹ̀ padà. Ilé-iṣẹ́ tí ẹ ń sanwó fún nítorí ilé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ilé bá jó tí wọ́n sì san ohun tó yẹ, ọ̀rọ̀ ti parí láàárín ẹ̀yin àti àwọn, ẹ kò jẹ wọ́n ní gbèsè kankan. Ẹni tó bá pe èyí ní ìdúró ti da ohun méjì tí òfin yà sọ́tọ̀ pọ̀.

Ìdójútòfò, orúkọ mìíràn tí wọ́n ń pè é, sàn jù ú lọ, ó sì ti mọ́ àwa tó ń ka ìwé ìròyìn lójú. Mi ò ní bá ẹni tó ń lò ó jà. Ṣùgbọ́n ojú kì í ti òfò. Ilé tó jó ti jó, àwòrán òbí yín tó wà lára ògiri kò ní padà wá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé òfò ṣe yín, ẹlòmíràn sì bá yín gbé e. Ìbánigbófò sọ èyí láìṣẹ́ kù: a bá ni gbé òfò. Ọ̀rọ̀ náà ní ènìyàn méjì nínú, ó sì ní ẹrù kan láàárín wọn.

Tí òfò bá jẹ́ ẹrù, tí ẹnì kan sì gbà láti bá wa gbé e, kí ni à ń pe owó tí a ń san fún ẹni tó bá wa gbẹ́rù? Owó àárù ni. Ọmọdé mọ̀ ọ́n. Nítorí náà ni mo ṣe ń pe owó ọdọọdún yìí ní owó àárù òfò, n kò sì ní yí i padà.

Àwọn kan ti bá mi jiyàn lórí rẹ̀. Ọ̀kan ní kí n kọ púrímíọ̀mù, kí n sinmi. N kò kórìíra àyálò. Mò ń kọ kọ̀ǹpútà, mò ń kọ bíríkì. Àyálò yẹ ohun tó bá wa lálejò pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ènìyàn sanwó fún ẹni tó bá a gbẹ́rù kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa. Ẹlòmíràn ní àárù kò yẹ ilé-iṣẹ́ ńlá, pé ó ń rẹ̀ wọ́n sílẹ̀. Aláàárù tó gbé ẹrù mi tí kò já a sílẹ̀ níyì lójú mi ju ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tó ń pe owó mi ní èrè mi lọ.

Ẹnì kẹta ló bi mí léèrè tó ní láárí. Ó ní aláàárù á gbé ẹrù débi tí à ń lọ, a ó sì fojú rí i. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ onílé ló ti sanwó fún ogún ọdún tí iná kò ra ilé wọn, tí ìjì kò ṣí òrùlé wọn. Ẹrù wo ni wọ́n bá wọn gbé? Ewu ni ẹrù náà. Ọjọ́ tí àdéhùn bẹ̀rẹ̀ ni ó ti kúrò lórí onílé. Bí ìjì bá ń jà lóru, orí aláàárù ni ẹrù wà. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí òrùlé ṣì wà níbẹ̀, ó ti gbé ẹrù òru ọjọ́ náà dé ilé. Ọjọ́ 365 ni ìrìn-àjò náà. A kì í sì gba owó àárù padà lọ́wọ́ aláàárù nítorí pé kò ṣubú lọ́nà. Àwọn tó ń sọ pé wọ́n ti fi owó wọn ṣòfò nítorí pé ilé wọn kò jó, ọ̀rọ̀ èrè yẹn ló kó sí wọn lórí.

Ó yá, báwo ni a ṣe ń fojú díwọ̀n iye tí yóò jẹ́? Aláàárù tó mọṣẹ́ kì í dá iye kó tó wo ẹrù. Á gbé e wò bóyá ó wúwo. Á wo ohun tó wà nínú rẹ̀, bóyá irin ni tàbí ìgò. Á bèèrè ọ̀nà tí wọ́n máa gbà. Á sì bèèrè èyí tí ìwọ fúnra rẹ máa fọwọ́ gbé. Abánigbófò kò ṣe ju ìyẹn lọ.

Orí ìwúwo ni àṣìṣe pọ̀ sí jù, ó sì fara jọ àṣìṣe ẹni tó kọ Yorùbá láìfi àmì sí i. Onílé yàtọ̀ sí onílẹ̀. Yọ àmì kúrò lórí àwọn méjèèjì, o kò ní mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì mọ́. Onílé ni abánigbófò ń bá gbé òfò, kì í ṣe onílẹ̀. Ilẹ̀ kì í jó. Iná á jó ilé kanlẹ̀, ilẹ̀ á sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, iye rẹ̀ kò yẹ̀. Nítorí náà, iye tí ẹ ra ilé tàbí iye tí ẹ lè tà á kọ́ ni ìwúwo ẹrù yín. Ohun tí yóò ná yín láti tún un kọ́ láti ìpìlẹ̀ ni. Ilé kékeré lórí ilẹ̀ olówó gọbọi lè tà ní mílíọ̀nù 200, kí àtúnkọ́ rẹ̀ má ju mílíọ̀nù 80 lọ. Ilé ńlá tó wà níbi tí ilẹ̀ kò ti wọ́n lè jẹ́ òdì-kejì pátápátá, àwọn tó ni irú ilé bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń kọ ìwúwo tó kéré jù sílẹ̀ láìmọ̀.

Ẹ mú tépù. Ẹ wọn gígùn àti ìbú ilé láti ìta ògiri. Ilé tó gùn ní mítà 12, tó fẹ̀ ní mítà 10, jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 120. Bó bá jẹ́ alájà méjì, ó di 240. Ẹ wá bèèrè lọ́wọ́ kọ́lékọ́lé tó wà lẹ́nu iṣẹ́ báyìí iye tí mítà onígun mẹ́rin kan irú ilé bẹ́ẹ̀ ń ná láti kọ́. Iye ti òní ni kí ẹ bèèrè, kì í ṣe iye tí ẹ fi kọ́ tiyín nígbà kan. Ẹ fi 240 sọ ọ́ di púpọ̀. Kò tíì tán. Ilé tó jó kì í dìde kúrò nílẹ̀ fúnra rẹ̀: ẹnì kan gbọ́dọ̀ wó ògiri tó ṣẹ́ kù, kó àwókù rẹ̀ dànù, ayàwòrán-ilé gbọ́dọ̀ ya tuntun, ìjọba gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, òfin ìkọ́lé sì lè ti yí padà láti ìgbà tí ẹ kọ́ ti àkọ́kọ́. Ẹ fi gbogbo rẹ̀ kún un. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé owó kíkó àwókù, bẹ́ẹ̀ òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ ná.

Mo bẹ yín, ẹ má ṣe dín ìwúwo kù lórí ìwé kí owó àárù lè dín kù. Ìlà kan wà nínú ọ̀pọ̀ àdéhùn tó máa ń mú ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Bí àtúnkọ́ ilé yín bá jẹ́ mílíọ̀nù 100, tí ẹ kọ mílíọ̀nù 50, ìdajì ẹrù ni ẹ gbé lé aláàárù lórí, ìdajì ṣì wà lórí yín. Bí iná bá wá jó ilé ìdáná nìkan, tí àtúnṣe rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 20, ẹ lè rò pé 20 kò tó 50, pé wọ́n á san gbogbo rẹ̀. Wọn kò ní san án. Mílíọ̀nù 10 ni wọ́n máa san, nítorí ìdajì gbogbo òfò, kékeré tàbí ńlá, ni wọ́n bá yín gbé. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ àdéhùn kì í fi ìyà yìí jẹ onílé bí iye tó kọ bá ti tó 80 nínú 100 àtúnkọ́ ilé.

Ohun tó wà nínú ẹrù náà ńkọ́? Ẹ wo bí ìbánigbófò ilé ṣe bẹ̀rẹ̀ ní London. Nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 1666, iná jó nǹkan bí ilé 13,200 ní London. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1680 ni Nicholas Barbon, oníṣègùn tó di kọ́lékọ́lé, dá ilé-iṣẹ́ tó ń bá onílé gbé òfò iná sílẹ̀. Ilé onípákó san ìlọ́po méjì ohun tí ilé oníbíríkì san. Ìgò àti irin nìyẹn. Ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ abánigbófò tí Benjamin Franklin, òǹtẹ̀wé tó di olóṣèlú, bá wọn dá sílẹ̀ ní 1752 ṣe òfin lẹ́yìn náà pé àwọn kò gba ilé tó ní igi níwájú mọ́, nítorí igi ń dí àwọn tó ń paná lọ́wọ́. Àwọn tí kò fẹ́ gé igi wọn lọ dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní 1784, wọ́n ń gba ilé tó ní igi níwájú, wọ́n sì ń gba owó kún owó lórí rẹ̀. Títí dòní, bí ilé-iṣẹ́ bá bi yín léèrè ọjọ́ orí òrùlé àti ti wáyà iná yín, ìbéèrè Barbon ni wọ́n ń bi yín.

Ọ̀nà ni àdúgbò yín: bí ọ̀dọ̀ àwọn panápaná ṣe jìnnà sí yín tó, bóyá olè wọ́pọ̀, bóyá ìjì ń jà níbẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ lórí omíyalé. Ní Amẹ́ríkà, àdéhùn onílé lásán kì í gbé òfò omíyalé, kì í sì í gbé ti ìmìtìtì ilẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ló dá ètò tó ń gbé ti omíyalé sílẹ̀ ní 1968. Ní ibikíbi tí ẹ bá wà, ẹ ka ìlà yẹn kí ẹ tó buwọ́ lùwé. Bí ẹ bá sì ti béèrè owó òfò léraléra ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, aláàárù á ti gbọ́ pé ẹrù yín ń já bọ́, á fowó lé e.

Ó ku èyí tí ẹ máa fọwọ́ gbé. Àwọn kan ń pè é ní owó ìyọkúrò, bí ẹni pé wọ́n yọ nǹkan yín lọ. Ẹrù ọwọ́ ni mò ń pè é. Ẹ sọ pé bí òfò bá dé, ẹ̀yin lẹ máa gbé 500,000 àkọ́kọ́, kí wọ́n gbé ìyókù. Bí ẹrù ọwọ́ yín bá ṣe tóbi tó ni owó àárù yóò ṣe dín kù tó. Ẹ má gbé ju ohun tí ẹ lè rí san láàárín ọ̀sẹ̀ kan lọ.

Àwọn kan á fẹ́ kí n ya ẹrù inú ilé sọ́tọ̀ kúrò lára ilé fúnra rẹ̀. Ọ̀tọ̀ la máa ń wọn ẹrù inú ilé, ilé fúnra rẹ̀ nìkan ni mò ń sọ níbí, ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Nígbà tí gbogbo èyí bá ti wà nílẹ̀, ìṣirò tó kù kò le. Ilé-iṣẹ́ á dá iye kan lé ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan. Ká ní ó jẹ́ 2 lórí 1,000, tí ẹrù yín sì jẹ́ mílíọ̀nù 80: owó àárù ọdún kan á jẹ́ 160,000. Bí iye náà bá di 4 nítorí pákó, ó di 320,000. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń san fún àwọn tí òfò ṣe, inú rẹ̀ ni owó òṣìṣẹ́ wà, inú rẹ̀ náà ni owó tí àwọn fúnra wọn ń san fún abánigbófò tó jù wọ́n lọ wà, nítorí aláàárù náà ní aláàárù. Bí ẹ bá fẹ́ fi ilé-iṣẹ́ mẹ́ta wéra, ìwúwo kan náà àti ẹrù ọwọ́ kan náà ni kí ẹ gbé fún wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹrù mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ ń fi wéra.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi wọn ilé rẹ̀ láàárọ̀ Sátidé, òun di orí tépù mú, èmi ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí a ṣírò rẹ̀ tán tí a sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ilé-iṣẹ́ náà, a rí i pé iye tó ra ilé náà, tòun ti ilẹ̀, ni wọ́n fi ṣe ìwúwo. Kò bèèrè èrè kankan mọ́. Ó jókòó, ó sì tẹ èsì sí wọn lórí fóònù rẹ̀ kan náà: "Onílé ni ẹ bá ṣe àdéhùn. Ẹ yọ ilẹ̀ kúrò nínú ẹrù mi."