Fílááṣì Kì í Fọ́ Ojú Ọmọ

Kò sí ilé ìkómọ tí èèyàn máa dé ní Ìbàdàn, ì báà jẹ́ Bódìjà, ì báà jẹ́ Bẹẹrẹ, tí kò ní sí ìyá àgbà kan tó máa ké sí onífọ́tò pé, "Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ pa iná yẹn, ẹ máa fọ́ ọmọ lójú." Onífọ́tò náà kò ní jiyàn. Á pa fílááṣì, á ya ọmọ nínú pálọ̀ tí wọ́n ti fa kọ́tìnì bò, fọ́tò á sì ṣú. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, nítorí pé ìpalára rẹ̀ ju ti fọ́tò tó bàjẹ́ lọ.

Ìmọ́lẹ̀ fílááṣì kámẹ́rà kì í pẹ́ tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá. Àwọn dókítà ojú máa ń tan iná tó mọ́lẹ̀ gan-an wo ẹ̀yìn ẹyinjú ọmọ ìkókó, àwọn kámẹ́rà kan tí wọ́n fi ń ya ẹ̀yìn ẹyinjú sì ní fílááṣì tiwọn. Lóòótọ́, ìròyìn kan jáde láti Ṣáínà ní 2015 pé fílááṣì fóònù fọ́ ojú ọmọ oṣù mẹ́ta kan. Àwọn dókítà ojú tó dá sí i sọ pé irú iná bẹ́ẹ̀ kò lágbára tó lè ṣe é.

Èsì tí wọ́n máa ń fún mi ni pé: bí kò bá léwu, kí ló dé tí àwọn onífọ́tò tó mọṣẹ́ fi máa ń yí orí fílááṣì sókè, kí ó má baà kọjú sí ọmọ? Wọ́n á ní àwọn yẹn mọ ohun tí àwọn ń sá fún. Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti wọ́.

Ojú fílááṣì kò tó àtẹ́lẹwọ́. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ti ibi kékeré bẹ́ẹ̀ jáde máa ń le. Òjìji dúdú á lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́yìn orí ọmọ. Ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tí wọ́n sì fi òrí pa lára, iwájú orí rẹ̀ á funfun gbòò nínú fọ́tò, àwọ̀ ara rẹ̀ kò ní hàn níbẹ̀ rárá. Tí onífọ́tò bá yí fílááṣì sókè, àjà ló máa gba ìmọ́lẹ̀ náà, tí á tàn án ká, tí á sì dá a padà sílẹ̀. Òjìji á rọ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ á yọ. Ẹwà ni wọ́n ń wá, kì í ṣe ààbò ojú. Àjà sì máa ń jẹ púpọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ náà, nítorí náà ẹni tó yí fílááṣì sókè ní láti fi agbára kún un ju ẹni tó kọjú rẹ̀ sí ọmọ tààrà lọ.

Kì í ṣe gbogbo àjà ló sì gbà á. POP funfun àwọn ilé tuntun ní Akóbọ̀ dára fún un. Àjà pákó inú ilé àtijọ́ máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì, èyí tó bá sì dá padà á ti gba àwọ̀ pákó, ọmọ á wá pọ́n bí ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe. Tí ìmọ́lẹ̀ bá sì ti òkè orí ọmọ gan-an bọ̀, ihò ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn. Ó sàn kí wọ́n yí i sí ògiri funfun ẹ̀gbẹ́, tàbí sí àjà tó wà lẹ́yìn ẹni tó ń ya fọ́tò.

Ìdí kejì tí wọ́n fi ń yí fílááṣì sókè ni ojú pípọ́n inú fọ́tò. Nínú yàrá tó ṣú, ọmọlójú máa ń là gan-an. Fílááṣì tó wà nítòsí lẹ́ǹsì á gba ibẹ̀ wọlé, á bá ibi tí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí lẹ́yìn ẹyinjú, á sì gbé àwọ̀ pupa padà sínú kámẹ́rà. Wọ́n á ní ẹ̀jẹ̀ ti ta sí ojú ọmọ. Kò sí nǹkan tó ta. Tí ìmọ́lẹ̀ bá ti àjà wá, kò ní padà sí lẹ́ǹsì lọ́nà yẹn.

Ohun tó ń dùn mí jù nìyí: nígbà mìíràn, dípò pupa, funfun ló máa ń hàn nínú ọmọlójú kan. Ó lè jẹ́ kátáráàtì, ìyẹn funfun tó ń bo inú ọmọlójú, tí wọ́n bí mọ́ ọmọ. Ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ ojú tó ń mú àwọn ọmọdé, pàápàá àwọn tí kò tíì pé ọdún 5. Àwọn òbí á ní fílááṣì ló ṣe é, wọ́n á bá onífọ́tò jà, wọ́n á máa kán àgbo sí i, oṣù á máa gorí oṣù. Fílááṣì kò fa nǹkan kan. Òun ló tú àṣírí rẹ̀. Tí wọ́n bá tètè rí jẹjẹrẹ yìí, wọ́n lè gba ẹ̀mí ọmọ là, nígbà mìíràn ojú náà pàápàá. Tó bá pẹ́, ó lè dé ọpọlọ.

Mi ò sọ pé gbogbo funfun ni àrùn. Tí ọmọ bá wo ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ lè bá ibi tí iṣan ojú ti wọ inú ẹyinjú, kí ó funfun nínú ojú tó dá ṣáká. Mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni gbé fílááṣì sún mọ́ ojú ọmọ pẹ́kípẹ́kí, torí ó máa dẹ́rù bà á. Ọmọ tó ní wárápá tí iná tó ń ṣẹ́jú máa ń gbé dìde, ẹ bi dókítà rẹ̀ kí ẹ tó máa ta fílááṣì léraléra. Àmọ́ iná tó ń pa ojú lára wà nítòsí wa: iná wẹ́dà ẹ̀gbẹ́ títì tí àwọn ọmọ máa ń dúró wò, àti lésà ọwọ́ tí wọ́n ń tà bí ohun ìṣeré. Ìwọ̀nyí ló yẹ kí ìyá àgbà máa pariwo lé lórí.

Níwọ̀n bí fílááṣì tí wọ́n yí sí àjà kì í ti í fi ẹ̀yìn ẹyinjú hàn, ẹ jẹ́ kí wọ́n ya ọ̀kan tàbí méjì tààrà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ wo lẹ́ǹsì, kí wọ́n sì pa ohun tó ń mú ojú pupa kúrò nínú kámẹ́rà. Tí ẹ bá rí funfun, pàápàá ní ojú kan náà nínú fọ́tò tó ju ẹyọ kan lọ, ẹ gbé ọmọ àti fọ́tò náà lọ bá dókítà ojú ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá Ìbàdàn, tàbí ibikíbi tó bá wà nítòsí yín, kíákíá. Ẹ má sì jẹ́ kí onífọ́tò fi kọ̀ǹpútà nu funfun náà kúrò kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ dókítà.